Wàrà Tí Kò Yọ́ ní Ewékorò

Ilé wa, Abẹ́òkúta.

Túnjí Àkànní, ọmọ mi,

Mi ò ní béèrè bóyá ara rẹ le. Mo mọ̀ pé ó le. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá le kò ní lágbára àtipe ìyá rẹ̀ lórí fóònù ní kùtùkùtù pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé Ìtòkú, ẹ bá mi bẹ àwọn àna mi." Mo gbọ́. Mo ní kí o jẹ́ kí n rò ó. Mo ti rò ó. Mi ò lọ.

Gbogbo ohun tó kù nínú lẹ́tà yìí, ìdí tí mi ò fi lọ ni, àti ohun tí ìwọ fúnra rẹ máa lọ ṣe.

Mo fi Yorùbá kọ ọ́. O mọ̀ pé òkè òkun ni mo ti kàwé láti kékeré, ìgbà tí mo dàgbà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, tí ìwọ àti bàbá rẹ a máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ níhìn-ín, fojú fò ó. Ìbínú tó wà nínú rẹ̀ ni kí o má ṣì gbọ́.

Bàbá rẹ jókòó tì mí bí mo ti ń kọ ọ́. Ó ní, "Ìyá Túnjí, ọkùnrin tó ti gbéyàwó, a kì í nà án lẹ́gba mọ́."

Mo ní, "Mi ò na ẹnì kankan. Báírò ni mo mú dání."

Ó ní, "Báírò ọwọ́ tìẹ ta ju ẹgba lọ."

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí, torí ó jọ pé ìwọ ti ń gbàgbé. Lọ́jọ́ Àìkú tí àwọn òbí Rọ́fíà ìyàwó rẹ wá wo ilé tí ẹ kó sí ní Ewékorò, ìwọ lo sọ pé o máa yan bọ́gà oníwàrà fún wọn, ẹran yíyan àti wàrà láàárín búrẹ́dì, irú èyí tí mo máa ń yan fún yín lẹ́yìn ìsìn nígbà tí o wà ní kékeré. Inú mi dùn débi pé mo sọ fún gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì, fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáná fún àna rẹ̀. Ọkùnrin mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Èmi ti wà lọ́dọ̀ yín láti ọjọ́ tó ṣáájú. Mo wà nílé ìdáná nígbà tí Rọ́fíà ń múra àtilọ sí Láfẹ́nwá. Oòrùn kò tíì yọ. Ó fẹ́ lọ bá alápatà tí bàbá rẹ̀ fọkàn tán, ẹni tí wọ́n mọ bó ṣe ń dúńbú ẹran, kí Àlàájì lè jẹun nílé ọmọ rẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi ọ́ pé, "Ọkọ mi, ṣé wàrà àwọn Fúlàní ni kí n rà, àbí ti inú ọ̀rá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù?"

Ojú rẹ wà lórí fóònù. O ní, "Èyí tí o bá rí. Wàrà ni wàrà ń jẹ́."

Mo ní, "Túnjí, wàrà tiwa kì í yọ́ o."

O ní, "Mọ́mì, ẹ lọ jókòó jẹ́jẹ́. Mo ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Mo lọ jókòó jẹ́jẹ́.

Ta ló gé ẹran wẹ́wẹ́? Rọ́fíà. Ta ló ra búrẹ́dì róbótó, tó fọ tòmátì, tó tan àdògán, tó fẹ́ èédú títí ó fi ràn? Rọ́fíà ni. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí tán ni ìwọ jáde bí ọba pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, o ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan iná rẹ. Àlàájì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, Àlàájà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àǹtí Sìdí, àbúrò Àlàájì tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, èyí tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, gbé àpótí tirẹ̀ síwájú kí nǹkan kan má bàa fo òun.

O to ẹran sórí irin. O gbé wàrà lé e lórí. O dúró kó yọ́. Wàrà ń wò ọ́, ìwọ náà ń wò ó. O fẹ́ná. Kò yọ́. O tún fẹ́ ẹ. Ọ̀rá ẹran ń kán sínú èédú, èéfín sì gba gbogbo àgbàlá bí ẹni pé tírélà sìmẹ́ńtì ló ń kọjá láàárín wa. Rọ́fíà rọra sún mọ́ ọ, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé e kúrò, ẹran ń jó." O ní, "Ṣé ìwọ lò ń yan án ni?"

Nígbà tí o gbé e sílẹ̀, wàrà ṣì funfun báláú, ẹran abẹ́ rẹ̀ sì ti dúdú kirikiri.

Àǹtí Sìdí na ọrùn wò ó. Ó ní, "Háà, ọkọ ìyàwó! Sìmẹ́ńtì la gbọ́ pé wọ́n ń ṣe ní Ewékorò, a ò mọ̀ pé ẹ tún ń ṣe èédú."

Gbogbo wa rín. Àlàájì rín. Ẹ̀rín lásán ni, Túnjí! Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Bí o bá ti dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ tí o ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí, ọwọ́ mi ò tíì mọ́ ọn," ọ̀rọ̀ bùṣe. Àwa ì bá jẹ búrẹ́dì àti tòmátì lọ́jọ́ náà, wọn ì bá máa fi ọ́ dápàárá títí ẹ ó fi bímọ, àpárá àna tó fẹ́ràn ọkọ ọmọ rẹ̀.

Kí ni ọmọ tí mo bí sọ? O na ìka sí ìyàwó rẹ. O ní, "Rọ́fíà ni kò mọ wàrà rà. Mo ní kó ra ojúlówó. Wọn ò kọ́ ọ nílé."

Wọn ò kọ́ ọ nílé. Níwájú àwọn tó kọ́ ọ nílé!

Mo rí ojú Rọ́fíà. Ó wò ọ́ bí ẹni tó ń retí pé o máa rín, kí ó lè mọ̀ pé eré ni. O kò rín. Ó bá kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, èmi ni mo rà á." Kò parọ́, òun ló rà á. Àlàájà kàn fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. Àlàájì mú bọ́gà dúdú yẹn, wọ́n ní bísímílà, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán pátápátá. Wọ́n ní, "Ó dùn." Ṣé o rò pé oúnjẹ rẹ ni wọ́n ń yìn? Bàbá kan ló ń bo ojú ọmọ rẹ̀, nígbà tí ọkọ ọmọ náà kọ̀ láti bò ó.

Èmi náà gé ahọ́n mi jẹ. Wọ́n kọ́ mi pé ìyá ọkọ kì í bá ọmọ rẹ̀ wí níwájú àna. Láti ọjọ́ yẹn ni inú ti ń bí mi sí ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú.

Rọ́fíà bá wọn padà sí Ìtòkú. Ó ní àdìrẹ kan wà tí òun fẹ́ bá ìyá òun rẹ. Ìwọ gbà bẹ́ẹ̀, o sì ń lọ síbi iṣẹ́, o ń bọ̀. Nígbà tó yá Àlàájì pè mí. Wọ́n kí mi kú ilé, wọ́n kí mi kú iṣẹ́, wọ́n béèrè bàbá rẹ, àní wọ́n béèrè àwọn adìyẹ mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ìyá Túnjí, aṣọ tí a bá rẹ, tí a sì sá, kì í pẹ́ tó báyìí kó tó gbẹ."

Ṣé ó yé ọ? Kò sí aṣọ kankan lórí okùn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọmọ àwọn ti pẹ́ nílé, ẹni tó ni ín kò wá, àwọn kò sì ní lé e jáde. Mo ní oòrùn á ràn, Àlàájì. Kí ni mo tún fẹ́ wí? Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwọ wá pè mí pé kí n lọ bẹ̀bẹ̀.

Ó dáa. Mo máa kọ́ ọ ní bọ́gà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ó jọ pé èéfín nìkan lo rí nígbà tí mo ń yan án lójú rẹ.

Èkíní, ẹran. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè òkun, mo gbé ẹran lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ ata. Mo rò pé ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ ń jẹ́. (Ṣé o rí ibi tí o ti jogún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ?) Ọkùnrin tó ń lọ ata wo ẹran, ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó, ṣé kí n bu omi sí i?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó jáde ń ṣàn, ó pupa, ata rodo tí wọ́n lọ ṣáájú tèmi kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. A fi ṣe ọbẹ̀, bàbá rẹ sì ń mu omi títí ilẹ̀ fi mọ́. Nítorí náà, fi ọ̀bẹ mímú gé e wẹ́wẹ́ lórí pákó, pẹ̀lú ọ̀rá díẹ̀ lára rẹ̀ kó má bàa gbẹ. Iyọ̀, ata díẹ̀, àlùbọ́sà tí o bá rín, ó tó. Má pò ó bí ẹni ń ro ẹ̀bà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á le bí bàtà. Ohun tí o kò bá mọ̀, béèrè. Rọ́fíà béèrè kó tó jáde. Ìwọ tí wọ́n bi léèrè ni kò mọ̀, o sì dáhùn bí ẹni tó mọ̀.

Èkejì, iná. Èédú tó ń jó bùlàbùlà kò tíì tó yan nǹkan. Dúró kí eérú funfun bò ó. Na ọwọ́ rẹ sókè irin. Bí o bá lè dá a dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó máa jó ọ, ó ti tó. Fi omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o wọ́n ọn bí ọ̀rá bá gbiná. Má sì fẹ́ ẹ nígbà tí ọ̀rá bá ń kán! Mo ti mọ̀ ọ́ láti kékeré: bí ojú bá ń tì ọ́, ńṣe lo máa ń fẹ́ná. Ojú tì ọ́ nípa wàrà, o fẹ́ná sí ẹran. Ojú tì ọ́ nípa ẹran, o fẹ́ná sí Rọ́fíà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. O rò pé nítorí oúnjẹ nìkan ni wọ́n ṣe pa òwe yẹn?

Búrẹ́dì: là á sí méjì, dojú inú rẹ̀ kọ iná díẹ̀. Ìyẹn kò ní ìtàn. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ní ẹ̀kọ́ nínú.

Wàrà wàyí. Ẹni tí o wò nínú fóònù, wàrà tirẹ̀ yàtọ̀. Tirẹ̀ a máa yọ́ bí òrí. Èyí tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé nínú igbá, tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi rẹ̀, bí o tilẹ̀ fi í sínú iná ọ̀run, kò ní yọ́. Dídín ni à ń dín in, yíyan ni à ń yan án. Gbogbo ọmọ Abẹ́òkúta tó ti jẹ ẹ́ rí ló mọ̀, ìwọ náà sì ti jẹ ẹ́ láti ìgbà tí o ti ní eyín. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́nu rẹ kò já mọ́ nǹkan mọ́ nígbà tí o ti rí ti inú fóònù. Gé e pẹlẹbẹ, fi iyọ̀ ra á, jẹ́ kí omi rẹ̀ ro dànù, ta òróró díẹ̀ sí i lára, yan án lọ́tọ̀ títí ara rẹ̀ á fi pọ́n bí àkàrà. Ìgbà náà ni kí o tó gbé e lé ẹran tó ti jinná. Ó dùn ju èyí tó ń yọ́ lọ, mi ò purọ́.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Torí pé èmi náà dúró ti wàrà rí. Ẹ̀yìn ilé ìyá bàbá rẹ ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bí ìyàwó. Mo fẹ́ fi oúnjẹ òkè òkun hàn wọ́n. Mo dúró kó yọ́, kò yọ́, ẹran jó. Bàbá rẹ wá wò mí lẹ́yìn ilé, ó ní, "Aya mi, ṣé o gé Olúmọ lé e lórí ni?" Àwa méjèèjì rín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ yọ sí wa. Wọ́n gbóòórùn, wọ́n ní, "Kí ló jó? Ta ló fi owó ẹran ṣòfò báyìí?"

Mo ti ń kúnlẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ Yorùbá tó èyí tí mo fi lè ṣàlàyé. Bàbá rẹ, tí kò fọwọ́ kan àdògán yẹn rárá, ló ní, "Èmi ni, Màámi. Èmi ni mo ní kó jẹ́ kó pẹ́ lórí iná."

Ìyá rẹ̀ bú u. Wọ́n bú u láti ẹ̀yìn ilé dé pálọ̀. Ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń ní, "Ẹ má bínú." Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹran tó di èédú lọ́wọ́, mo sì mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé mo ti dé ilé mi. Èyí ni mo fẹ́ kí o jogún, Túnjí. Kì í ṣe bọ́gà. Ẹnikẹ́ni lè yan bọ́gà.

Bàbá rẹ ń ka ohun tí mo ń kọ láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní irọ́ ni, òun kò dọ̀bálẹ̀, òun kàn tẹríba ni. Má dá a lóhùn.

Jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ "wọn ò kọ́ ọ nílé." Ṣé o mọ iye ẹnu tó ti sọ ọ́ sí èmi alára? Nígbà tí mo dé ìlú yìí, tí mo kí àgbà ní ìdúró, wọ́n ní wọn ò kọ́ mi nílé. Mo pe ẹni tó jù mí lọ ní "o," wọ́n ní wọn ò kọ́ mi nílé. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń ta èèyàn. Kì í ṣe ẹni tí a sọ ọ́ sí nìkan ló ń gún, ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gún. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ èdè yìí kí ẹnikẹ́ni má bàa rí àyè sọ bẹ́ẹ̀ sí àwọn òbí mi mọ́. Ọmọ tèmi ló wá gbé e, tó jù ú lu ọmọ ẹlòmíràn! Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Bó o bá sì fẹ́ mọ òótọ́, ọmọ tó jí lọ sí Láfẹ́nwá kí bàbá rẹ̀ lè jẹun pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, tó gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n kọ́ ọ nílé. Ìwọ ni wọ́n á máa béèrè pé ilé wo lo ti wá. Ilé tèmi ni! Ṣé o wá rí ìdí tí inú fi ń bí mi?

Mo mọ̀ pé àṣà wa ni kí àgbà bá ọmọ bẹ àna. Àṣà tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé orí ara rẹ̀ ni àgbà ń bá bẹ̀bẹ̀. Bí mo bá lọ báyìí, kí ni mo fẹ́ sọ? Pé "ọmọ mi ní kí n wá"? Wọ́n á gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún mi, wọ́n á ní kò sí wàhálà, wọ́n á ní kí Rọ́fíà máa bá mi lọ nítorí ojú mi. Á bá mi lọ. Á sì máa gbé pẹ̀lú ọkùnrin tó rán ìyá rẹ̀ níṣẹ́ ẹnu ara rẹ̀. Mi ò ṣe irú ibi bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun tí o máa ṣe nìyí. Lọ sí Láfẹ́nwá fúnra rẹ, lọ́dọ̀ alápatà kan náà. Ra wàrà inú igbá, èyí tí o sọ pé kì í ṣe ojúlówó yẹn gan-an. Gbé àdògán rẹ dání, gbé èédú rẹ dání, má lọ ya tiwọn lò. Ní àgbàlá Àlàájì ní Ìtòkú, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pe Àǹtí Sìdí, torí ibi tí a bá ti da nǹkan nù ni a ti ń ṣà á. Dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kì í ṣe ìtẹríba bàbá rẹ yẹn. Kí o ní, "Èmi ni mo sọ fún Rọ́fíà pé wàrà ni wàrà ń jẹ́. Èmi ni mo jó ẹran. Wọ́n kọ́ ọ nílé." Má fi "ṣùgbọ́n" kankan sí i. Àǹtí Sìdí á fi ọ́ ṣẹ̀sín. Jẹ́ kó fi ọ́ ṣẹ̀sín, ó tọ́ sí i. Bí ó bá ní kí o tún un sọ kí òun gbọ́, tún un sọ.

Lẹ́yìn náà kí Rọ́fíà jókòó. Kó má ṣe gé nǹkan kan, kó má fẹ́ nǹkan kan. Ìwọ ni kí o dáná. Tọ́ ọ wò kó o tó bù fún ẹnikẹ́ni. Tèkíní, ti Àlàájì ni, ẹni tó jẹ èédú nítorí ọmọ rẹ̀. Tìyàwó rẹ tẹ̀lé e. Má bi í bóyá ó dùn. Má bi í bóyá ó ń bọ̀ nílé. Jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o jẹ tìrẹ, kí o sì dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ.

Mo ti fi ọwọ́ òsì bá ọ wí tó. Ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì wà níbẹ̀, Àkànní, ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi gbà á bí aṣọ. Mo fẹ́ràn rẹ, àní bí mo ṣe ń bínú yìí.

Bí o bá kúrò ní Ìtòkú, tí o ń padà lọ sí Ewékorò, iwájú ilé wa lo máa gbà. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, ẹ yà wọlé. Ẹ mú tèmi dání, ẹ yan wàrà rẹ̀ kó pọ́n dáadáa, ẹ má fi àlùbọ́sà tútù sí i.

Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan, má yà. Máa lọ.

Èmi ni,
ìyá rẹ, tí inú ṣì ń bí.